Orúkọ Bàbá Mi Kò Sí Nínú Ìwé

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti di àgbà. Ẹ gbà mí láàyè kí n wo ẹ̀yìn díẹ̀, nítorí ohun tí mo rí níbẹ̀ kàn wá lónìí.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 1964. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ọjọ́ náà ni gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìbò láti mọ ẹni tí yóò ṣe olórí ìjọba, bóyá Sir Alec Douglas-Home ti ẹgbẹ́ Conservative, tàbí Harold Wilson ti ẹgbẹ́ Labour. Becontree ni mò ń gbé, ní apá Dagenham, ní ìlà-oòrùn London. Ẹ́sítéètì káńsù ni. London County Council ló kọ́ ọ láàárín ọdún 1921 sí ọdún 1935, ilé ibẹ̀ sì tó nǹkan bí 27,000. Kò sí ẹ́sítéètì káńsù tó tóbi tó o láyé nígbà náà.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ọmọ Yorùbá wà ní irú ibẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí ọdún 1970, ọ̀pọ̀ òbí wa tó wá kàwé ní ìlú òyìnbó ló ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó, kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì ráyè kàwé. Wọ́n á kéde nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ, wọ́n á sì máa san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí èmi náà ṣe dé Becontree nìyẹn. Nana ni mò ń pe ìyá òyìnbó tó gbà mí tọ́. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò ní Dagenham.

Ilé Nana kò tóbi, ṣùgbọ́n ó ní ilé ìwẹ̀, ó ní omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná, ó sì ní ọgbà kékeré níwájú, tí wọ́n gbin igi yí ká, tí ọkọ Nana máa ń gé dọ́gba ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Owó ilé tí káńsù ń gbà mọ níwọ̀n. Kò sí ẹni tó lè jí lọ́jọ́ kan kó ní kí wọ́n kó ẹrù wọn jáde. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti wà nínú ilé kan náà.

Ti bàbá àti ìyá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé ní àríwá London, sítóòfù kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń lé òtútù, ìdílé mẹ́rin ló sì jọ ń lo ilé ìdáná kan. Ní ìgbà yẹn, ẹ ó rí ìwé lójú fèrèsé pé yàrá wà, ṣùgbọ́n kí ènìyàn dúdú má kànlẹ̀kùn. Bí ẹ bá sì rí yàrá gbà, onílé lè lé yín jáde nítorí pé ọmọ sunkún lóru, tàbí nítorí pé òórùn ọbẹ̀ yín kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nínú ọdún kan péré, yàrá mẹ́rin ni àwọn òbí mi gbé. Ilé káńsù ńkọ́? Ẹni tó ti pẹ́ ní àdúgbò ni orúkọ rẹ̀ ń sún síwájú lórí ìlà. Ẹni tí wọ́n ń lé kiri, báwo ni yóò ṣe pẹ́ níbì kan?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ ìdìbò. Wọn kò kọ́ wa níwèé lọ́jọ́ náà, nítorí ilé ìwé wa ni wọ́n ti ń dìbò. Mọ́tò tó ní gbohùngbohùn lórí ti ń lọ ń bọ̀ láti àárọ̀. Pósítà wà lójú fèrèsé ilé púpọ̀. Ìyá kan wà ní ilé kẹta sí ti Nana, tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ Labour. Nínú pálọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣètò gbogbo nǹkan. Wọ́n tẹ́ ìwé orúkọ àwọn olùdìbò sórí tábìlì, láti òpópónà dé òpópónà. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ẹnì kan jókòó tó ń béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ti dìbò, tó sì ń kọ ọ́ sínú bébà pélébé. Àwa ọmọdé ni wọ́n ń rán pé ká sáré gbé bébà náà lọ sí pálọ̀. Bí mo bá ti dé, ìyá náà á gba bébà, á fi rúlà àti pẹ́ńsùlù fa ìlà lé orúkọ ẹni tó ti dìbò. Àwọn tí a kò tíì fa ìlà lé orúkọ wọn ni wọ́n ń lọ kàn lẹ́kùn nírọ̀lẹ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin ará. Bísíkíìtì ni owó iṣẹ́ mi.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, bàbá mi dé. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, ó sì wá san owó ọ̀sẹ̀ fún Nana. Wọ́n ní pálọ̀ ìyá yẹn ni mo wà, ó sì wá bá mi níbẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó kí wọn. Ìyá náà gbójú sókè láti ara ìwé rẹ̀, ó bi í bóyá ó ti dìbò.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àlejò ni mí, màdámú. Kò kàn mí.”

Ìyá náà fi pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ó ní ó kàn án. Ó ní ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó bá ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò bí òun alára ṣe ní in. Bàbá mi, tó ń ka ìwé òfin lálaalẹ́, kò mọ̀. Ojú tì í díẹ̀. Ìyá náà wá béèrè ibi tó ń gbé ní ọjọ́ 10, oṣù kẹwàá, ọdún 1963. Ìdí tó fi béèrè ni pé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ka àwọn olùdìbò nígbà náà. Ibi tí o bá wà lọ́jọ́ yẹn ni orúkọ rẹ yóò wà, ìwé náà ni wọn yóò sì lò láti oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e títí ọdún yóò fi yípo. Onílé ni ó sì ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ilé sínú fọ́ọ̀mù.

Mo rí bàbá mi tó ń ka yàrá tó ti gbé lórí ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó rántí ilé náà. Ó mu tíì tí wọ́n bù fún un, ó fi ọwọ́ pa mí lórí, ó sì lọ.

Ó ti tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí ó tó sọ ìyókù ìtàn fún mi. Ó ní òun wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibi ìdìbò àdúgbò tí òun ń gbé lọ́dún tó kọjá. Akọ̀wé ibẹ̀ yẹ ìwé wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú ilé tí ènìyàn mọ́kànlá ń gbé, orúkọ ẹyọ kan péré ló wà níbẹ̀, orúkọ onílé. Kò kọ ayálégbé kankan sílẹ̀. Kò fẹ́ kí ìjọba mọ iye ènìyàn tó há mọ́ inú ilé rẹ̀. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ó sì bá iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nílé Nana, wọ́n ń retí eré Steptoe and Son lórí tẹlifíṣọ̀n, eré tí gbogbo òṣìṣẹ́ fẹ́ràn. Harold Wilson ti bẹ ọ̀gá àgbà BBC kí wọ́n sún eré náà síwájú, kí àwọn ènìyàn má baà jókòó ti tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n gbàgbé ìbò. Wọ́n gbà fún un, aago mẹ́sàn-án, ìgbà tí ìdìbò parí, ni eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bí àwọn olóṣèlú ṣe ń ka ìbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sì gbọ́n láti kà á, nítorí nígbà tí èsì pé, ìjókòó 317 ni Labour ní nínú 630. Mẹ́rin péré ni wọ́n fi ju gbogbo ẹgbẹ́ yòókù pọ̀ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, Sir Alec kó kúrò ní Downing Street, Wilson sì wọlé. Kò sí ẹni tó da epo sí ilé ẹnikẹ́ni. Bàbá mi kò gbàgbé ìyẹn, nítorí ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ìdìbò tiwa ní Nàìjíríà di rògbòdìyàn, nígbà tó sì di ọdún 1965, iná ń jó ilé àti ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn nítorí ìbò.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ohun gbogbo dára ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìdìbò 1964 yìí náà, ní ìlú Smethwick nítòsí Birmingham, ọ̀rọ̀ ilé àti àwọ̀ ara ni wọ́n fi polongo. Àwọn kan ń tan ọ̀rọ̀ èébú kálẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ènìyàn dúdú ní aládùúgbò, kó dìbò fún Labour. Peter Griffiths ti Conservative kọ̀ láti bá àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ wí. Òun ló sì wọlé, ó na Patrick Gordon Walker tó jẹ́ èèkàn Labour. Ní ọdún 1965, káńsù Smethwick fẹ́ máa ra ilé ní Marshall Street kí wọ́n lè fún òyìnbó nìkan. Richard Crossman, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, ni kò gbà fún wọn. Mo rántí bí ọkùnrin kan ṣe dúró lẹ́bàá ọgbà Nana, tó ń sọ pé ohun tí Smethwick ṣe dára, pé àwọn dúdú ló ń gba ilé mọ́ ọmọ òun lọ́wọ́. Mo dúró níbẹ̀. Ó rí mi. Ó ní, “Kì í ṣe ìwọ o, ọmọ.” Ta wá ni, bí kì í bá ṣe èmi?

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun tí ìjókòó mẹ́rin yẹn ṣe. Kí ọdún 1964 tó parí, ìjọba tuntun ti ṣe òfin pé onílé kò gbọ́dọ̀ ju ayálégbé síta láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gba àṣẹ ilé ẹjọ́. Ọ̀ràn bàbá mi gan-an ni òfin yẹn ń sọ! Nítorí pé wọ́n ń lé e kiri ni kò fi rí ìbò dì, àwọn tó rí ìbò dì ló sì bá a yan ìjọba tó ṣe òfin pé kí wọ́n má lé e mọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ń fa ìlà lórí tábìlì kò mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun ń ṣe ń lọ sí yàrá kan ní àríwá London.

Èmi kò sọ pé àwọn ẹgbẹ́ náà jẹ́ ańgẹ́lì. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1965 lórí ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò fi bẹ́ẹ̀ kan ọ̀rọ̀ ilé àti iṣẹ́. Ọdún 1968 ni wọ́n tó fi òfin de ìwé ojú fèrèsé tó ń lé ènìyàn dúdú. Ní ọdún 1965 yẹn náà, ìjọba Labour tí wọ́n lòdì sí òfin ìwọlé 1962 tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún fún un le sí i. Ìbẹ̀rù Smethwick ti mú wọn. Nítorí náà, ìbò kì í ṣe ohun tí a ń dì lẹ́ẹ̀kan ká lọ sùn. Ṣùgbọ́n Smethwick náà kò dúró síbẹ̀: ní oṣù kẹta ọdún 1966, wọ́n tún dìbò, Griffiths sì bọ́ sílẹ̀. Nígbà yẹn, bàbá mi ti wà nínú ìwé. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ onílé rẹ̀ tuntun, tó dúró tì í títí ó fi kọ ọ́. Ìyá mi ní aṣọ òkè ló wọ̀ lọ dìbò, nínú òtútù.

Ẹ̀yin ará, ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá mi lẹ́nu àwọn ènìyàn wa: “Àlejò ni mí, kò kàn mí.” Mo gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu arábìnrin tó ń tọ́jú arúgbó ní òru, tó ń san owó orí lóṣooṣù. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ẹ̀tọ́ yẹn kò tíì parẹ́. Ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọjọ́ orí ìdìbò, tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ní àṣẹ láti wà níbẹ̀, lè dìbò fún káńsù, ó sì lè dìbò fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kò dìgbà tó bá di ọmọ onílùú. Láti ọdún 2014, kì í tún ṣe onílé ló ń kọ orúkọ ẹni. Oníkálukú ló ń kọ tirẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Láti ọdún 2023, ẹni tó bá ń lọ síbi ìdìbò ní England gbọ́dọ̀ mú ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò dání, páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wà lára èyí tí wọ́n ń gbà. Ẹni tí kò ní ìkankan lè béèrè ìwé ẹ̀rí olùdìbò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹnì kan yóò sọ pé, “Kí ni ìbò èmi nìkan lè ṣe?” Ní oṣù kìíní ọdún 1965, Gordon Walker tó fìdí rẹmi ní Smethwick tún jáde ní Leyton, tí kò jìnnà sí wa. Òun ni mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà. Ìbò 205 ni wọ́n fi nà án. Àwọn ìjọ kan wà nínú wa tí ènìyàn inú wọn jù 205 lọ lọ́jọ́ ìsinmi kan. Ní 1964, nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò, ó lé ní 77 tó jáde. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọn kò tó 60. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, wọn kò ní ka ohùn rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé àdúrà ni tiwa, òṣèlú kì í ṣe tiwa. Mo gbà pé ká gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àwọn káńsù tí a kò dìbò yàn ló ń pinnu ẹni tí ilé kàn, àwọn ló ń pinnu bóyá wọn yóò wá wo yàrá tí ọ̀rinrin ti ń ba àyà ọmọ jẹ́. A ń fi òróró yàn sórí ọmọ tó ń wúkọ́, a kò sì kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni ògiri tó ń hu èébú. Ẹ jẹ́ ká ṣe méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ mi tó kù nìyí, ó sì le díẹ̀. Ní 1964, àwa ni ayálégbé. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ti di onílé. Àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ láti ilé ni wọ́n wá ń gba yàrá lọ́wọ́ wa. Mo ti gbọ́ onílé tó jẹ́ ará wa nínú ìgbàgbọ́ tó ń sọ fún ayálégbé rẹ̀ pé, “Má kọ orúkọ rẹ sí ilé mi o, má jẹ́ kí lẹ́tà kankan wá síbí.” Ó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni méje nínú ilé ẹni mẹ́ta. Bí inú bá bí i, á ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin ará, onílé tí kò kọ orúkọ bàbá mi sílẹ̀ kò ju báyìí lọ. Kò gbá a létí. Kò bú u. Ó kàn ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ ni. Ẹni tí a lé dé ìlú yìí kò yẹ kí ó tún di ẹni tó ń léni.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Bí o bá jẹ́ onílé, jẹ́ kí àwọn tó ń gbé nílé rẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní àdírẹ́sì tí wọ́n ń sanwó fún. Bí o bá jẹ́ ayálégbé, tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ibi tuntun, tún orúkọ rẹ kọ, nítorí ẹni tó ń kó kiri ni orúkọ rẹ̀ máa ń sọnù jù. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, kí á tó pín oúnjẹ, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan bi ẹni tó jókòó tì í léèrè: “Ṣé orúkọ rẹ wà nínú ìwé?” Bí ó bá ní àlejò ni òun, pé kò kan òun, ẹ jókòó tì í, ẹ ràn án lọ́wọ́, bí ìyá òyìnbó yẹn ṣe fi pẹ́ńsùlù rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè bá bàbá mi sọ̀rọ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní lè lé wa kúrò nínú rẹ̀ lóru, kí ó má sì jẹ́ ká lé ẹlòmíràn jáde. Àmín.